Ohun Tí Mo Ń Dá Máìkì Lẹ́bi Fún

Máìkì àkọ́kọ́ tí mo rà, kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo tà á ní ìdajì owó tí mo fi rà á, torí pé ohùn tó ń gbà ń dún bíi ti ẹni tó jìn sí kànga. Mo wá owó kún owó, mo ra èyí tó wọ́n jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Òun náà gba ohùn ẹni tó jìn sí kànga, àmọ́ kànga ọ̀hún wá ń dún ketekete. Ó tó oṣù méjì kó tó yé mi pé èmi gan-an ni mo wà nínú kànga náà: yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 10, ògiri tí wọ́n rẹ́ dán, ilẹ̀ onítáìsì, àjà pẹlẹbẹ, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju tábìlì kan àti àga kan lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní Ọbáńtokò, ní Àṣerò tàbí lápá Adátán, níbí ní Abẹ́òkúta, tí ẹ sì fẹ́ sọ ọ́ di sítúdíò, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ná mi lówó kó má baà ná ẹ̀yin náà. Mi ò ní í sọ iye owó ọjà kankan o. Iye tí mo bá kọ lónìí, irọ́ ni yóò ti dà kí oṣù tó parí.

Ẹ dúró láàárín yàrá yín, kí ẹ pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan, kó le. Bí ẹ bá gbọ́ ìró kan tó ń gbọ̀n rìrìrì tẹ̀lé e, bí ìgbà tí ẹyọ owó bá ń yí lórí sìmẹ́ńtì kó tó sùn, ògiri méjì tó kọjú síra wọn ló ń gbá ìró náà síra wọn bíi bọ́ọ̀lù. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọn yóò ṣe ohùn akọrin. Máìkì á gba èyí tó ti ẹnu rẹ̀ wá, á tún gba èyí tó lọ kan ògiri kó tó padà, àwọn méjèèjì á sì lẹ̀ mọ́ra. Mo ti wá sọ́fítíwíà tí yóò yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì kó mọ́ tónítóní títí ó fi rẹ̀ mí.

Ìyẹn ṣì kéré lára ọ̀rọ̀ náà. Béèsì ló burú jù. Nínú ooru ilé wa, ìró ń rin nǹkan bíi mítà 345 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹsẹ̀ bàtà 10 sì jẹ́ mítà 3.05. Ẹ fi ìlọ́po méjì gígùn yàrá pín ìrìn ìró, ẹ ó rí nǹkan bíi 57. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìró tó bá ń gbọ̀n ní ìgbà 57 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, yàrá yín á máa gbé òun nìkan ga. Kò jìnnà sí ìró okùn A lára gìtá béèsì tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ tẹ̀, torí 55 ni tòun. Bí gígùn àti fífẹ̀ yàrá bá dọ́gba, wàhálà méjì ló kóra jọ sójú kan náà. Bí àjà bá tún ga tó ẹsẹ̀ 10, ó di mẹ́ta. Bí ẹ bá ṣì ní àǹfààní láti yàn, ẹ mú yàrá 10 sí 12, ẹ fi 10 sí 10 sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ sùn.

Àárín gbùngbùn ni mo gbé àga mi sí, torí ó wuyì lójú. Àárín gbùngbùn gan-an sì ni ìró 57 yẹn ti máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Mi ò gbọ́ béèsì, mo fi kún un. Mi ò gbọ́ ọ síbẹ̀, mo tún fi kún un. Nígbà tí a gbé orin náà sínú mọ́tò ọ̀rẹ́ mi kan ní Kútọ̀, gíláàsì ilẹ̀kùn ń gbọ̀n, a ò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu olórin. Ó wò mí, èmi náà wò ó. Ibi tó yẹ kí orí yín wà ni nǹkan bíi ìdá 38 nínú 100 gígùn yàrá, bí ẹ bá wọ̀n ọ́n láti ògiri iwájú. Nínú yàrá ẹsẹ̀ 10, ẹsẹ̀ mẹ́rin ó dín díẹ̀ nìyẹn. Sípíkà méjèèjì àti orí yín á jẹ́ igun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ wọn dọ́gba; sípíkà kékeré tó ń gbé ìró òkè jáde á bá etí yín ṣe déédéé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi orin tí ẹ ti mọ̀ dunjú sí i, kí ẹ máa sún àga síwájú sẹ́yìn ní ìnṣì méjì méjì títí béèsì á fi dúró sójú kan.

Ẹ má kó kirétì ẹyin. Mo mọ̀ pé ẹ ti rí i nínú fọ́tò. Èmi kó o lọ́wọ́ àwọn alẹ́yin títí ó fi bo ògiri mẹ́ta, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ohun tó mú wá ni aáyán. Páálí tín-ín-rín ni, kò ní ìwọ̀n kankan lára, ìró ìsàlẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni gba ẹnubodè tí kò sí aṣọ́nà. Ewu iná sì tún ń bẹ níbẹ̀, nítòsí wáyà àti ẹ̀rọ tó ń gbóná. Fóòmù tín-ín-rín oníìnṣì kan tó ṣe gbágungbàgun, tí wọ́n ń tà fún sítúdíò, sàn jù ú lọ díẹ̀, àmọ́ ìró òkè ṣóńṣó nìkan ló ń mu, ìyẹn "s" àti "ṣ" ẹnu olórin. Ìró 57 gùn tó mítà mẹ́fà. Fóòmù ìnṣì kan tó dúró dè é dà bí ẹni fi asẹ́ gbọnmi. Bí ẹ bá bo gbogbo ògiri pẹ̀lú rẹ̀, ohùn á kú bí ẹni da aṣọ borí, béèsì á sì máa ṣe tirẹ̀ lọ.

Ohun tó tún yàrá mi ṣe, káfínńtà ló ṣe é. Férémù pákó mẹ́fà: gígùn ẹsẹ̀ 4, fífẹ̀ ẹsẹ̀ 2, jíjìn ìnṣì 4. Rockwool, ìyẹn òwú tí wọ́n fi òkúta yíyọ́ ṣe, ni kí ẹ fi kún inú rẹ̀ bí ẹ bá rí i rà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ bo imú, torí ó ń yún ara ju èsìsì lọ. Méjì péré ni mo rí ṣe báyìí. Mẹ́rin tó kù, táwẹ́lì àti aṣọ òkìrìkà tó nípọn ni mo ká pẹlẹbẹ, mo tò wọ́n lérí ara wọn títí férémù fi kún, láì kì í mọ́lẹ̀. Wọ́n wúwo o. Ìṣó lásán ò lè gbé e dúró. Sìkúrúù ńlá méjì àti pílọ́ọ̀gì nínú búlọ́ọ̀kù ni. Ẹ fi àlàfo ìnṣì méjì sílẹ̀ láàárín ògiri àti ẹ̀yìn férémù, torí àlàfo yẹn ń bá a ṣiṣẹ́ bíi pé ẹ fi ìnṣì mìíràn kún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Aṣọ tí a fi bò ó ńkọ́? Abẹ́òkúta la wà, mo gba Ìtòkú lọ. Àṣìṣe mi ni pé mo ra àdìrẹ tó ń dán, tí wọ́n ti lù dáadáa, tí ẹ̀kọ ara rẹ̀ ṣì le bíi páálí. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ a máa lé ìró òkè padà kó tó dé inú. Ẹ fi aṣọ náà bo ẹnu yín, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn: bí èémí bá kọjá ní ìrọ̀rùn, ìró náà á kọjá, bí ẹnu yín bá wú, ẹ fọ aṣọ náà nínú omi gbígbóná kí ẹ̀kọ ara rẹ̀ kúrò, tàbí kí ẹ dá a padà. Ọ̀pá 5 tó fún férémù mẹ́ta bí ẹ bá ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń gé e. Ó tó méjì bí káfínńtà bá ti gé e tán kó tó bi yín.

Láti mọ ibi tí ẹ ó gbé wọn kọ́, ẹ jókòó sórí àga iṣẹ́ yín, kí ẹnì kan máa fa dígí lọ lára ògiri ẹ̀gbẹ́. Ibi tí ẹ bá ti rí sípíkà nínú dígí ni férémù gbọ́dọ̀ wà, lọ́tùn-ún lósì. Méjì nìyẹn. Ẹ gbé méjì dúró sí igun yàrá, torí igun ni béèsì ti ń kó jọ sí. Ọ̀kan lọ sókè, lórí ibi tí ẹ jókòó sí. Ọ̀kan tó kù wà lẹ́yìn yín. Ìyẹn náà ni akọrin máa ń kọ ẹ̀yìn sí nígbà tó bá ń kọrin, torí ohun tó wà lẹ́yìn akọrin gan-an ni máìkì ń wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń to fóòmù sẹ́yìn máìkì, wọ́n á wá fi ògiri lásán sẹ́yìn olórin.

Gbogbo èyí ò ní kí ariwo ìta má wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ta fóòmù tàn yín jẹ. Ohun tó ń mu gbohùngbohùn inú yàrá yàtọ̀ sí ohun tó ń dènà ariwo. Ìwúwo àti ihò dídí ló ń dènà ariwo. Ògiri búlọ́ọ̀kù ìnṣì mẹ́sàn-án ti ṣe tirẹ̀. Fèrèsé onílúfà àti abẹ́ ilẹ̀kùn ni ọ̀tá ń gbà wọlé. Mo ní kí wọ́n gé pílíwúùdù méjì tó nípọn ní ìwọ̀n ojú fèrèsé, a lẹ̀ wọ́n pọ̀, a fi rọ́bà fóòmù yí etí rẹ̀ ká, mo sì ń tì í bọ ojú fèrèsé bí ẹni dé ìgò ní ìdérí. Kò ba ilé onílé jẹ́, mo sì lè yọ ọ́ nígbà tí mo bá fẹ́ mí. Ẹ ó nílò láti mí, torí lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, yàrá náà á gbóná bí ààrò, fáànù ò sì ṣe é tàn nígbà tí a bá ń gba ohùn. A ń ṣiṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú, a ń ṣí fèrèsé mẹ́wàá.

Òjò lórí páànù ò ní oògùn lápò èmi. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, mo máa ń wo ojú sánmà kí n tó pe olórin. Aago kan òru títí di nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo ń gba ohùn tó bá ṣe pàtàkì: jẹnẹrétọ̀ ti sinmi, wọn ò tíì pe ìrun, àkùkọ ò tíì jí tán.

Ọ̀rọ̀ iná ló jẹ mí lọ́pọlọ jù. Ìró kan ń bẹ lábẹ́ gbogbo ohun tí mo bá gbà, ó ń kùn hùùù bí oyin nínú agbè. Mo pààrọ̀ wáyà máìkì. Mo pààrọ̀ interface, ìyẹn àpótí kékeré tó ń gbé ohùn láti máìkì wọ kọ̀ǹpútà. Ó ṣì ń kùn. Ìgbà tó ṣe ni mo fa ṣájà yọ lára láptọ́ọ̀pù, ìró náà bá dákẹ́ bí ẹni gbá a lẹ́nu. Iná wa ń gbọ̀n ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá, òun àti ìlọ́po rẹ̀, 100, ni mo ń gbọ́. Bàbá oníná tí mo pè fi tẹ́sítà kan gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu mẹ́ta lẹ rà. Ihò tòkè yẹn, ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Kò so mọ́ ilẹ̀ níbì kan."

Wọ́n ri irin bàbà ẹsẹ̀ mẹ́rin mọ́lẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn sí kí ilẹ̀ ibẹ̀ má baà gbẹ, wọ́n sì fa wáyà tó nípọn láti ibẹ̀ wọ bọ́ọ̀dù ilé. Ẹ jẹ́ kí oníná ṣe é o, kì í ṣe iṣẹ́ olórin. Láti ìgbà náà, gbogbo ẹ̀rọ mi ń mu iná láti ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ojú méjì tó yàtọ̀ síra ló ń bí ìkùn náà, torí ilẹ̀ méjì á wá máa bára wọn jà nínú wáyà. Wáyà tó lọ sí sípíkà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ oníbàláǹsì: bí ẹ bá wo ẹnu rẹ̀, òrùka dúdú méjì lẹ ó rí, kì í ṣe ẹyọ kan. Bí wáyà máìkì bá sì gbọ́dọ̀ pàdé wáyà iná, kí ó gba orí rẹ̀ kọjá bí oríta, kó má bá a sùn ní gbalaja.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré, yàtọ̀ sí ariwo rẹ̀, kì í pèsè iná tó dúró. Invẹ́tà ló kù, àmọ́ ẹ béèrè èyí tó ń pèsè pure sine wave, ìyẹn iná tó ń lọ geere bíi ti ìjọba. Èmi ra èyí tó rọ̀jú, ó sì ń ké zzzz nínú sípíkà láàárọ̀ lálẹ́. Ẹ ṣírò bátìrì kí ẹ tó sanwó. Bátìrì folti 12, ampia-wákàtí 200, jẹ́ wáàtì-wákàtí 2,400. Bí ó bá jẹ́ bátìrì olómi tàbí jẹ́ẹ̀lì, ìdajì ni kí ẹ lò kó má baà tètè kú: 1,200. Invẹ́tà fúnra rẹ̀ á jẹ nínú ẹ̀, ó ku bíi 1,000. Láptọ́ọ̀pù mi, interface àti sípíkà méjì ń jẹ wáàtì 150 pọ̀. Wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ nìyẹn, bí ẹnikẹ́ni ò bá wá ki àyọ̀ọ̀nù bọ̀ ọ́. Nígbà tí iná ìjọba bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí àdúgbò ń kígbe ayọ̀, ẹ má tan nǹkan kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Sípíkà mi kan jóná nínú ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun èlò fúnra rẹ̀ ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Interface oníhò máìkì méjì, hẹ́ẹ̀dífóònù tó bo etí pátápátá kí ìró inú rẹ̀ má baà jò wọ máìkì, máìkì kan. Bí yàrá yín ò bá tíì ní férémù, ẹ má ra máìkì condenser. Ó ń gbọ́ gbogbo ilé. Ẹ ra dynamic, irú bíi Shure SM58 tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 1966, kí olórin sì súnmọ́ ọn bí ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà o. Dynamic ò nílò folti 48 tó wà lára interface; ọ̀pọ̀ condenser ò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì 48 yẹn, ẹ kọ́kọ́ yí sípíkà wálẹ̀ pátápátá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò dún bí ìbọn.

Sọ́fítíwíà ìgbohùn tí wọ́n jí tú, mo lò ó fún ọdún kan. Ọjọ́ tí iṣẹ́ oníbàárà kọ̀ tí kò ṣí mọ́ ni mo jáwọ́. REAPER á jẹ́ kí ẹ fi gbogbo ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 60 kí ẹ tó rà á, owó rẹ̀ ò sì ga. FL Studio tí wọn ò tíì sanwó fún á jẹ́ kí ẹ tọ́jú iṣẹ́, àmọ́ kò ní í jẹ́ kí ẹ tún un ṣí. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ni ojú wọn ti rí màbo níbẹ̀. Bí olórin bá ń ṣàròyé pé ohùn òun ń pẹ́ kó tó dé etí òun, ẹ lo ASIO tó bá interface yín wá, ìyẹn sọ́fítíwíà kékeré tó ń jẹ́ kí Windows gba ohùn kíákíá, kí ẹ fa buffer, ìyẹn ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó gbé e lọ, wá sí 128: bí sọ́fítíwíà bá ń wọn ohùn ní ìgbà 48,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò tó mílísẹ́kọ́ńdì mẹ́ta lọ, kò tó mẹ́ta bọ̀. Nígbà tí ẹ bá wá ń po orin pọ̀, ẹ gbé e sí 1,024 kí láptọ́ọ̀pù lè mí.

Ní ti bí ohùn ṣe gbọ́dọ̀ ga tó, ọ̀pọ̀ wa ló ń gbé e títí iná pupa fi ń ṣẹ́jú. Orí kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ la ti kọ́ ìyẹn, torí bí ohùn bá kéré níbẹ̀, ariwo téèpù á bò ó. Lórí ìgbohùn kọ̀ǹpútà oníbit 24, kò sí ariwo téèpù. Ẹ jẹ́ kí ohùn máa rìn ní àyíká -18 dB lórí mítà sọ́fítíwíà, níbi tí òdo ti jẹ́ òkè pátápátá, kí ibi tó ga jù má kọjá -8. Ohùn tó bá ti kan òkè, tó fọ́, ó fọ́ náà nìyẹn. Ẹ sì má gbà pé bí olórin ṣe kọrin nígbà ìdánwò ni yóò ṣe kọ ọ́ nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Gbogbo wọn ló ń pariwo ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí mo ti wá rí i pé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ò tó fún wa ni ọ̀rọ̀ ahọ́n Yorùbá. Wọ́n á ní kí ẹ ṣọ́ra fún "p", torí èémí rẹ̀ ń gbá máìkì bùm. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ síwájú ẹnu yín kí ẹ sọ "pẹ̀lẹ́". Ẹ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ nǹkan kan lára. Ẹ wá sọ "party" bí àwọn olórin ìsinsìnyí ṣe ń pè é: atẹ́gùn á gbá ọwọ́ yín. "P" tiwa yàtọ̀, ó ń ti ẹ̀yìn ahọ́n àti ètè jáde pọ̀. Torí náà, ẹsẹ orin tí wọ́n ti ń da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ ni mo ń fi asẹ́ aláṣọ síwájú máìkì fún jù, ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí ẹnu máìkì, mo sì máa ń yí máìkì díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. "F" tiwa náà ń fẹ́ atẹ́gùn, ẹ má gbàgbé rẹ̀.

Auto-Tune, sọ́fítíwíà tó ń fa ohùn olórin sórí nóòtì, ló wá ṣe mí léṣe jù. Olórin kan fẹ́ kó dún bí ó ṣe ń dún lórí rédíò, mo gbé ìyára rẹ̀ sí òdo, ìyẹn ibi tó yára jù. Ó dùn mọ́ wa. Ìyá olórin gbọ́ ọ, ó ní, "Ta ló ń fi ọkọ́ rẹ̀ yangàn?" Ọkọ ni olórin náà kọ, ẹni tó fẹ́ ẹ sílé. Ẹ̀rọ ti gbé ìró kejì ọ̀rọ̀ náà lọ sí nóòtì tó súnmọ́ ọn jù lójú tirẹ̀, ọkọ sì di ọkọ́, irinṣẹ́ oko. Bó bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ni, ìbá di ọkọ̀. Ẹ̀rọ náà ò mọ̀ pé ibi tí ohùn ń gòkè sí àti ibi tó ń yọ̀ sí ni ọ̀rọ̀ wà. Báyìí, 30 sí 50, tó lọ́ra ju òdo lọ, ni mo ń fi ìyára rẹ̀ sí fún orin Yorùbá, mo sì ń fi ọwọ́ ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá ṣì lọ́nà. Bí olórin bá kọ ọ́ kù díẹ̀ káàtó, ẹ jẹ́ kó tún un kọ. Ó yá jù.

Ẹ tọ́jú iṣẹ́ sí ibi mẹ́ta: orí láptọ́ọ̀pù, orí dírááfù tó dá dúró, àti ibì kan tí kò sí nínú ilé yín. Mo pàdánù orin mọ́kànlá lórí dírááfù ẹyọ kan tó já bọ́ láti orí tábìlì. Mi ò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Ìlù ni mo fi sí ìparí torí pé òun ni mo kọ́ gbẹ̀yìn. Ìlú Àyìnlá Ọmọ́wúrà la wà, etí àgbà onílù níbí kì í ṣe ohun tí a ń fi eré ṣe. Mo gba ohùn gángan bàbá kan sílẹ̀. Mo gbé máìkì dynamic kọjú sí awọ ìlù, bí ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ sí i, kò kọjú sí ojú ibi tí ọ̀pá ti ń bà á gan-an, ẹ̀gbẹ́ ló wà. Ìyẹn dára, mo sì tún ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo yí gain, ìyẹn agbára tí interface fi ń gba ohùn, sílẹ̀ ju ti ohùn akọrin lọ, torí pé ìlù máa ń fò sókè lójijì: -12 ni mo fi ṣe òpin. Ìyẹn náà dára. Bó bá jẹ́ ìyáàlù dùndún tó ní ṣaworo ni, ǹ bá sún sẹ́yìn sí i kí ṣaworo má baà bo gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn tí bàbá lọ tán ni mo fi gate, ìyẹn ohun tó ń pa ìró tó bá kéré mọ́, sí i kí àárín ìlù lè dákẹ́ rọ́rọ́, mo tún fi compressor, ìyẹn ohun tó ń tẹ ìró tó ga wálẹ̀, sí i kó lè dọ́gba; attack rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó tẹ ìró, jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì kan. Lójú mi, ó mọ́ tónítóní. Mo pe bàbá kí wọ́n wá gbọ́. Wọ́n tẹ́tí, wọ́n ní kí n tún un gbé sí i. Wọ́n yọ hẹ́ẹ̀dífóònù lórí.

"Kí ni ìlù yìí ń sọ, ọmọ mi?"

Mo ní n ò mọ̀, sà.

"Èmi tí mo lù ú náà ò mọ̀. Ẹ ti gé e láhọ́n."

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo wò ó dáadáa. Nínú ohun tí mo gbà, ìró dò kò lágbára tó re àti mí, torí ọṣán ti dẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́. Gate rò pé ariwo lásán ni, ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Gbogbo ibi tí ìlù ti yẹ kó sọ̀kalẹ̀, ó dákẹ́. Compressor tó yára náà ti tẹ orí ìlùkílùú rẹ̀ pẹlẹbẹ, ibi tí awọ ti ń yí láti ìró kan sí òmíràn ò sì ṣe é dá mọ̀ mọ́. Mo yọ gate kúrò pátápátá. Mo sún attack lọ sí 30, release, ìyẹn bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó jọ̀wọ́ ìró, sí 120, ìpín mẹ́ta sí ọ̀kan, kí ó má fà á sílẹ̀ ju dB mẹ́ta lọ. Ibi tí kò bá sí ìlù rárá, ọwọ́ ni mo fi gé e, lẹ́yìn tí ìró bá ti kú tán fúnra rẹ̀.

Bàbá padà wá ní ọjọ́ kẹta. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ètè wọn ń bá ìlù náà sọ oríkì lọ. Wọ́n gbé orí sókè.

"Ó ti ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ta ni ìyẹn?"

Mo ní kò sí jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀, sà. Wọ́n ní kí n gbé e padà sí ìparí gbólóhùn kẹta, níbi tí ìlù ti mí. Mo gbé e ga, mo pa sípíkà, mo fi hẹ́ẹ̀dífóònù sí i. Ilé kejì ni lóòótọ́. Mo ti gbàgbé láti ti pílíwúùdù bọ ojú fèrèsé lọ́jọ́ náà. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ní aago méjì òru.